Kòkòrò Inú Àká àti Àpò Ọdẹ́sànmí

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ń pa ẹ̀pà jẹ, kó rọra máa pa á, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ń sọ ọ́ lọ́dún, tí mo bá sì ń sọ ọ́, ara mi ṣì máa ń bù máṣọ. Èmi Ọdẹ́sànmí, ọmọ bíbí Òkè-Ìpín, tí mo pa ẹfọ̀n mẹ́ta kí irùngbọ̀n mi tó hù tán, tí mo pàdé àmọ̀tẹ́kùn lójú ọ̀nà tóóró tó jẹ́ pé àmọ̀tẹ́kùn ló yà fún mi, kòkòrò tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó ló dá mi dùbúlẹ̀. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì kàn ló ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún ọ̀dá ni. Ẹ mọ̀ pé ìlú wa ní àká ńlá kan, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ń kó ìyẹ̀fun àgbàdo sí lẹ́yìn ìkórè, kí ó lè gbà wá lóṣù tí ebi máa ń pa ará oko. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: láti inú oko ara rẹ ni kí o ti mú tìrẹ wá. Baba Láṣebìkan ló ń ṣọ́ ọ. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣílẹ̀kùn àká, ó sì figbe bọnu. A sáré débẹ̀. Ìyẹ̀fun ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ń rùn, ó sì ń rìn. Mo ní ó ń rìn! Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ta ló ti rí ìyẹ̀fun tó ń rìn rí? Kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ pupa ló kún inú rẹ̀ bámúbámú, wọ́n ń gun ara wọn lórí. Oúnjẹ gbogbo ìlú, ó parí sínú òórùn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ káwọ́ lórí, Baálẹ̀ wa pàápàá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìtẹ́ nǹkan kan.

Wọ́n ní ta ló fà á? Ni ahọ́n ìlú bá bọ́ sórí Àwẹ̀ró, ìyàwó mi. Wọ́n ti rí i lóṣù méjì ṣáájú, tó ń jáde bọ̀ láti Igbó Àìdáhùn, pẹ̀lú agbọ̀n olú lórí. Igbó Àìdáhùn nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ nílùú wa, torí bí o bá pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ níbẹ̀, kò ní gbọ́. Baba Láṣebìkan ní òun rí kòkòrò abẹ́ igi jíjẹrà igbó náà nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ní wẹ́wẹ́ pupa báyìí gan-an ló rí. Baálẹ̀ bi Àwẹ̀ró pé kí ló wá débẹ̀. Àwẹ̀ró ní, "Olú ni mo lọ já, Baálẹ̀. Ọkọ mi wà nígbó, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀." Baálẹ̀ bá dájọ́ pé bó bá jẹ́ kòkòrò igbó náà ló wà nínú àká, Àwẹ̀ró yóò dẹrù rẹ̀, yóò fi Òkè-Ìpín sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yọ níbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fún wa láti wá ẹ̀rí. Ẹ gbọ́, obìnrin tí mo fẹ́ láti ìgbà èwe, ìyá Ìgè, ìyá ọmọ márùn-ún! Inú mi gbóná bí ẹni gbé iná mì.

Ní àsìkò yẹn, obìnrin kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa, Dókítà Fèyíṣàrà, tó ti ilé ẹ̀kọ́ gíga ńlá kan wá. Nígbà tó dé, a rò pé dókítà alábẹ́rẹ́ ni, àwọn arúgbó ti ń múra orúnkún dídùn wọn sílẹ̀. Kàyéfì! Kòkòrò ló wá wò. Yóò ṣí òkúta, yóò ṣí èèpo igi, yóò fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú kòkòrò dúdú sínú ìgò kékeré, yóò sì máa kọ̀wé. Mo ti bú u ní kọ̀rọ̀ títí. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń gbé lọ kì í bèèrè ìdílé ẹni tó na ọwọ́ sí i. Mo lọ bá a, mo ní, "Dókítà, ṣé o lè wo kòkòrò méjì kí o mọ̀ bóyá ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n?"

Ó ní, "Bàbá, iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn. Mo ti bù lára tinú àká. Ó ku tinú igbó."

Mo ní, "Jókòó síbí, n ó lọ bá ọ mú un wá kí oúnjẹ tó jinná."

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Ẹ ó mú mi débẹ̀ ni. Kòkòrò tí mi ò mọ ibi tó ti wá, eruku lásán ni lójú mi. Igi wo ló wà? Òkè èèpo ni àbí abẹ́ rẹ̀? Kí ló ń jẹ? Ọjọ́ wo la mú un? Bí mi ò bá kọ ọ́ mọ́ ọn lára, kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni."

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ tó wà níbí, ẹ gbọ́ nǹkan! Ọdẹ wo ló ń sọ ibi tó ti pa ẹran? Baba tó bí mi kú láìfi ibi tó ti ń pa ìgalà hàn mí, mo sì fi ìyẹn yìn ín nígbà tí mò ń sun ìjálá òkú rẹ̀. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni: bó bá ro bí ẹsẹ̀ òun ti ya tó kí òun tó rí ọ̀nà, kò ní fi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni. Ẹran a wọ àpò, ẹnu a pa dé. Ẹnikẹ́ni kì í sì í ti ọwọ́ bọ àpò ọdẹ, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò gbọdọ̀ tú u. Mo kàn wo ọmọ yìí, mo mi orí, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, a sì gbọ̀nà igbó.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dá yín lágara. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì nínú mẹ́fà yẹn, oòrùn gangan, a wọ Igbó Àìdáhùn. Bí mo ti fi ẹsẹ̀ kan kọjá igi àkọ́kọ́, gbogbo ìró pa rẹ́. Mo pe Dókítà, ẹnu mi ń là, n kò gbọ́ ohùn ara mi! Mo fọwọ́ kan etí mi bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Yéè, ẹ̀yin èèyàn, èmi tí mo máa ń gbọ́ ìrìn ọ̀kẹ́rẹ́ láti òkè odò! A rìn bẹ́ẹ̀ títí a fi dé ìdí igi ńlá kan tó ti wó láti ayébáyé. Bó ṣe gùn tó, bí o bá fẹ́ rìn láti ìdí dé orí rẹ̀, wàá sinmi lẹ́ẹ̀kan. Níbẹ̀ ni ìró padà dé lójijì, tí mo fi gbọ́ ohùn Dókítà tó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ dúró. Ẹ wo iwájú."

Mo wo iwájú. Orí mi ò! Kòkòrò kan dúró síbẹ̀, ó ga tó ilé ìdáná, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó ri orí mọ́lẹ̀, ó gbé ìdí sókè ọ̀run. Mo ti wọ igbó fún ogójì ọdún, n kò rí ohun tó ń fi ìdí wo èèyàn rí. N kò kí i, n kò bi í léèrè. Mo gbé ìbọn sójú, mo tẹ̀ ẹ́: gbàù! Ọta ìbọn bá èèpo líle ẹ̀yìn rẹ̀, ó ta padà, ó gba fìlà mi lọ sórí igi, títí dòní fìlà náà wà níbẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, abàmì náà tú nǹkan kan sí mi láti ìdí. Òórùn ni! Ẹ má bi mí irú òórùn wo. Ojú mi pa dé, mo ṣubú yakata. N kò ní purọ́ fún yín, mo rò pé mo ti kú, mo sì fara mọ́ ọn.

Ohùn Dókítà ni mo gbọ́ lókè orí mi. "Bàbá, ẹ dìde. Òórùn lásán ni, kì í pani. Ọ̀pọ̀ nínú ẹbí wọn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rù bá bà wọ́n."

"Ẹ̀rù ba ta ni?" Ohùn kan bú jáde láti inú ilẹ̀, ewé gbogbo sì gbọ̀n. Mo la ojú kan. Kí ni mo rí? Ọmọbìnrin yìí ti fa okùn ìwọ̀n yọ, ó ń wọn ẹsẹ̀ abàmì! Ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu abàmì náà pàápàá kò lè pa dé. Ó ní, "Kí lò ń ṣe sí mi?"

Dókítà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ máà bínú, ẹ kú ìjókòó o, tàbí kí n ní ẹ kú ìdúró. Ẹ̀yin ni mo wá kí."

Ó ní, "Adoríkodò ni orúkọ mi. Gbogbo ẹni tó ń gbé abẹ́ èèpo igi yìí, ọmọ mi ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí wọn yóò jẹ́ ìbéèrè mi. Bí kò bá lè jẹ́ ẹ, orí igi ni yóò lọ bá fìlà yẹn. Ìwọ ọdẹ òkú, dìde kí o dáhùn: márùn-ún ló ṣáájú, márùn-ún ló tẹ̀ lé e, mẹ́rin ló kẹ́yìn. Kí ni?"

Mo dìde, mo gbọn ara. Àlọ́ kì í tì mí. Mo ní, "Ọdẹ ni. Márùn-ún ń la ọ̀nà, márùn-ún gbé ìbọn, mẹ́rin ń ru ẹran bọ̀ lẹ́yìn." Adoríkodò bú sẹ́rìn-ín, ìdí rẹ̀ sì ń mì, mo sáré bo imú mi.

Dókítà ní, "Ẹsẹ̀ yín ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú ní oríkèé márùn-ún, ti àárín márùn-ún, ti ẹ̀yìn mẹ́rin. Bí mo bá rí i báyìí lára kòkòrò eléèpo líle, ẹbí yín ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ó dà bí ilà ojú lára yín."

Ẹ̀rín pa mọ́ Adoríkodò lẹ́nu. Ó ní, "Èkejì. Mo ní apá, n kò fò. Mo ti wà níbí kí igbó tó ní orúkọ, n kò sì lọ síbòmíràn rí."

Dókítà ní, "Èèpo apá yín ti lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ kò lè ṣí i mọ́. Nítorí náà ni ẹ kò fi lè ré odò kọjá. Òkè mẹ́sàn-án ni mo ti gùn tí mo ń wá ọmọ yín kiri. N kò rí ẹyọ kan. Níbí nìkan ni ẹ wà."

Abàmì náà sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló ní, pẹ̀lú ohùn kékeré tó yà mí lẹ́nu, "O wá mi dé òkè mẹ́sàn-án?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn, torí kò sí ẹ̀dá tí inú rẹ̀ kì í dùn sí ẹni tó wá a. Dókítà bá na ìgò kékeré sí i, èyí tí kòkòrò inú àká wà nínú rẹ̀, ó sì ro ẹjọ́ Àwẹ̀ró fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Adoríkodò wo ìgò náà. Ó ní, "Ìbátan wa ni, kì í ṣe ọmọ mi. Igi jíjẹrà àti olú ni àwọn ọmọ mi ń jẹ. Ìyẹ̀fun ni eléyìí ń jẹ, kì í sì í dá rin ọ̀nà jíjìn, nínú ẹrù èèyàn ni ó ti máa ń rìn. N ó fún yín ní ọmọ mi kan kí ẹ fi wé e. Ṣùgbọ́n òfin igbó mi ni pé ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti wá. Ọdẹ, tú àpò rẹ."

Mo ní, "Èèwọ̀! Àpò ọdẹ kọ́! Pa mí."

Kò pa mí. Ó kàn fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, àwọn kòkòrò kéékèèké sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lábẹ́ èèpo igi náà bí omi tó ń hó. Wọ́n bo àtẹ́lẹsẹ̀ mi, wọ́n bo kókósẹ̀ mi, wọ́n dé orúnkún mi. N kò lè gbé ẹsẹ̀. Ogójì ọdún oògùn ọdẹ ni mo pè, kò sí ọ̀kan tó dáhùn, ẹ mọ orúkọ igbó náà. Wọ́n dé ìbàdí mi. Dókítà ń pariwo, "Bàbá, ẹ tú u! Kí ló wà níbẹ̀ tó ju Ìyá Ìgè lọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo bọ́ àpò lọ́rùn, mo dorí rẹ̀ kodò, mo gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀tù jáde, ẹran gbígbẹ jáde, obì jáde. Nígbà tí mo fa ojú rírán ìsàlẹ̀ rẹ̀ síta, ìyẹ̀fun pupa dà sílẹ̀, kòkòrò wẹ́wẹ́ sì ń rìn nínú rẹ̀.

Págà! Dókítà mú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó dojú bolẹ̀, ó wò ó pẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, kò lè wò mí lójú. Ó ní, "Bàbá, tinú àká gan-an ni. Níbo lẹ ti gbé ìyẹ̀fun nínú àpò yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́. Mo ti gbàgbé ọ̀ràn náà, mo fi ọwọ́ ara mi gbàgbé rẹ̀. Lọ́dún yẹn, nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń kọ ebè, igbó ni mo wà. Nígbà tí wọ́n ń kórè, igbó ni mo wà. Ọjọ́ tí kálukú fẹ́ gbé ìyẹ̀fun lọ sí àká kù sí dẹ̀dẹ̀, oko mi sì jẹ́ kìkì koríko ẹ̀kan. Ìtìjú mú mi. Mo gbé ẹtu gbígbẹ kan lọ sí ilé ìtajà tó wà ní ìkòríta Alásọ̀, mo fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìyẹ̀fun tó ti pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, mo dì í sínú àpò ọdẹ mi kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Mo gbé e fún Baba Láṣebìkan, mo ní, "Oko mi rèé." Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi láàárín ọjà, ó ní ọdẹ tó tún mọ oko ṣòro rí. Èmi yìí ni mo gbé kòkòrò wọ ìlú, tí mo wá ń fi ìbọn wá ẹlẹ́ṣẹ̀ kiri igbó!

Adoríkodò ní, "Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Níbi tí o ti pa irọ́ náà ni kí o ti lọ sọ òtítọ́ rẹ̀."

Mo ní, "Bí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́? Kí lo máa fi mí ṣe?"

Ó ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ọ́ ṣe? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ pé n kò lè fò. Ṣé n ó wá bá ọ nílé ni?" Àwọn kòkòrò tú kúrò lára mi, ọ̀kan ṣoṣo gun ọwọ́ Dókítà, ó sì dúró. Bí a ṣe jáde kúrò nínú igbó náà nìyẹn. Dókítà kọ orúkọ igi, ọjọ́, àti ibi gan-an tí wọ́n ti fún un, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Lójú ọ̀nà, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kàn sọ pé kì í ṣe ti igbó, kó má dárúkọ àpò. Ó ní, "Bàbá, àpò yín ni. Mi ò ní tú u fún yín, mi ò sì ní purọ́ bí wọ́n bá bi mí." N kò rí oorun sùn dé ọjọ́ ìdájọ́.

Ọjọ́ kẹfà pé. Gbogbo ìlú pé sábẹ́ igi ọ̀dán. Àwẹ̀ró dúró láàárín, ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Dókítà fi dígí lé Baba Láṣebìkan lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ kà. Bàbá ka oríkèé ẹsẹ̀ tinú igbó: márùn-ún, márùn-ún, mẹ́rin. Ó ka tinú àká: márùn-ún, márùn-ún, mẹ́rin. Ó pariwo, "Ọ̀kan náà ni!" Ìlú hó yèè. Baálẹ̀ ti gbé ọ̀pá sókè. Dókítà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ilà ẹbí nìyẹn. Ẹ wo ìwo orí wọn. Ti igbó ń nípọn díẹ̀díẹ̀ dé orí. Ti àká, oríkèé mẹ́ta tó kẹ́yìn ló dédé wú bíi kùmọ̀." Baba Láṣebìkan wò ó pẹ́. Olóòótọ́ ni, ó ní lóòótọ́ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìlú nígbà tí ebi bá ń pa á. Wọ́n ní, "Ẹbí kan náà ṣáà ni! Ẹni tó lọ bá ẹbí wọn ló pè wọ́n wá! Bí kì í bá ṣe òun, níbo ni wọ́n ti wá?"

Níbo ni wọ́n ti wá. Gbogbo wọn ń bèèrè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dojú ìbéèrè kọ Dókítà, ilẹ̀ ni òun ń wò. Baálẹ̀ tún gbé ọ̀pá sókè. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀ mú. N kò mọ ìgbà tí mo dé àárín agbo. Mo dorí àpò ọdẹ mi kodò lójú gbogbo ìlú, mo ní, "Ìkòríta Alásọ̀ ni. Èmi Ọdẹ́sànmí ni mo gbé e wá. N kò roko lọ́dún yìí, mo purọ́." Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi fi ọwọ́ bo ojú, nítorí àpò tó ṣí sílẹ̀. Baba Láṣebìkan tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jọ́sí, ó kàn ń wò mí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Baálẹ̀ gba ìbọn mi lọ́wọ́ mi. Ó ní ìkórè mẹ́ta ni n ó fi ọkọ́ mi kún àká náà padà, kí n tó tún lè fọwọ́ kan ìbọn. Ó sì ní kí Àwẹ̀ró máa lọ sílé ọkọ rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé e délé bí ewúrẹ́ tí wọ́n nà. Ó ń tú ẹrù rẹ̀, ó ń kó aṣọ padà sípò. Mo ní, "Ìyá Ìgè, jọ̀ọ́, má bínú. N kò tètè mọ̀ pé àpò mi ni."

Kò yíjú padà. Ó ní, "Èmi mọ̀. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbé e dé, tí ẹ ń hanrun, mo bù díẹ̀ nínú rẹ̀ kí n fi ro ẹ̀kọ fún ọmọ. Mo fi ajọ̀ jọ̀ ọ́, mo rí wọn. Kí n tó jí, ẹ ti gbé e lọ sí àká. Ìyẹ̀fun tí n kò lọ̀, ṣé n kò ní dá a mọ̀ ni?"

Háà! Ẹnu mi là sílẹ̀. Mo ní, "O mọ̀, o sì dúró kí wọ́n lé ọ jáde? Kí ló dé tí o kò sọ?"

Ó ní, "Bàbá Ìgè, ẹ̀yin ni ọkọ mi. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa sọ ọ́."

Mo ní, "Bí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó ká aṣọ kan, ó tò ó lé òmíràn. Ó ní, "Ǹ bá ti lọ. Bí ìlú bá sì pè mí padà, n kò ní dáhùn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ó fi tú ẹrù rẹ̀ tán. Nígbà tó tú u tán, ó gbé ọkọ́ tó ti dípẹtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ilẹ̀ kò tíì ṣú. Mo dìde, mo lọ sóko. Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó lọ bi Àwẹ̀ró.